Oòrùn Tó Ń Ràn Lóru

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, kò dá lórí ọmọba, kò dá lórí olówó, orí tánkì ló dá lé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìjàpá ọkọ Yánníbo ń bọ̀ níbẹ̀. Ibi tí omi bá wà ni Ìjàpá ń wà, títí omi ibẹ̀ yóò fi tán.

Ìlú àwọn ẹranko kan wà lẹ́yìn Mọ́níyà, lọ́nà Ìbàdàn. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan ń tó bíi 1,250 mìlímítà. Ọba Kìnnìún kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé síbẹ̀, mítà mẹ́wàá níbùú, mítà mẹ́wàá lóròó, ó fi páànù tuntun bò ó. Láyé àwọn baba wọn, ìkòkò ni wọ́n ń gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí òjò bá dé, ìyá arúgbó á jáde, á fa ìkòkò tó ti kún sẹ́yìn, á ti òfìfo síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gé rìbọ́ọ̀nù nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń wí yìí, ará ìlú fẹ́ máa jẹ ẹ̀fọ́ tútù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọba sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹnu tó jẹ ẹ̀fọ́ náà yin òun. Bí wọ́n ṣe ra tánkì nìyẹn. Lítà 5,000 ló ń gbà, mítà méjì ni gíga rẹ̀. Wọ́n ya Ọba Kìnnìún sí i lára látòkè délẹ̀: adé wà níbi ìdérí, bàtà wà níbi ẹnu ẹ̀rọ.

Ó wá ku ẹni tí yóò sọ fún wọn iye ebè tí omi inú ọba yìí lè bọ́.

Oṣù mẹ́ta ni Ìjàpá ti kúrò nílùú nígbà náà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé, kọ̀ǹpútà wà láyà rẹ̀, ó sì ti ń pe omi ní “ohun àmúṣọrọ̀ tó tutù.” Ó wọ gbọ̀ngàn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Kábíyèsí, kí ọba pẹ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí síbi àfojúdá. Àwòṣe ni yóò bá wa sọ ọ́.”

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹnikẹ́ni bá ti pe ìṣirò ní àwòṣe lójú yín, ẹ tètè béèrè iye tí yóò gbà.

Ìjàpá tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ sára ògiri. Ó ní mìlímítà òjò kan tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan gééré ni. Òrùlé gbọ̀ngàn jẹ́ ọgọ́rùn-ún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òjò ọdún kan, 1,250, ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ó di lítà 125,000. Òmíràn á ta dànù, òmíràn á gbẹ lórí páànù gbígbóná, ẹ jẹ́ ká ní 85 ló wọlé nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 106,250. Ó pín in sí ọjọ́ 365, ó di 291 lójúmọ́. Ebè ẹ̀fọ́ kan, mítà kan níbùú lóròó, ń mu bíi lítà márùn-ún lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ebè 58 yóò mu 290.

“Lítà kan tó ṣẹ́kù,” Ìjàpá wí, ó sì tẹrí ba, “Kábíyèsí á máa fi bọ́jú.”

Gbọ̀ngàn mì tìtì. Erin na ọwọ́-ìjà rẹ̀ sókè, ó fun fèrè. Ọ̀bọ akọ̀wé kọ 291 sílẹ̀, ó fi ìlà pupa yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìjàpá wá fi àwòrán hàn wọ́n, bí omi inú tánkì yóò ṣe máa rí látoṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀pẹ. Ìlà kan ṣoṣo ni, ó nà tantan lókè àwòrán, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Omi tó ń wọlé lójúmọ́ jẹ́ 291, èyí tó ń jáde jẹ́ 290. Kí ni yóò mú un mì?

Kí n má purọ́ mọ́ Ìjàpá, kò ṣi ìṣirò kankan. Ẹ mú fóònù yín kí ẹ tún un ṣe, ohun tó rí náà lẹ ó rí. Ibi tí àrékérekè wà ni pínpín yẹn. Ó bu omi òjò Òkúdu, ó fi tọ́ Ṣẹ́rẹ́ lẹ́nu, bí ẹni pé òjò ń rọ̀ ní díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀, Ọjọ́ Àìkú kò yọ sílẹ̀. Òjò tiwa kò mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Oṣù Ògún ni gbogbo ìwé ń pè ní oṣù tí òjò ń sinmi, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 31 oṣù náà lọ́dún 1980 ni Ògùnpa ya wọ ilé onílé n’Ìbàdàn. Bí a bá pín omi ọjọ́ yẹn sí gbogbo ọdún, kò ní tó láti rin bàtà ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àkèré wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Arúgbó ni, etí àbàtà ìsàlẹ̀ ìlú ló ń gbé, iṣẹ́ tó sì fi ń dá ara rẹ̀ lára yá ni kíka òjò. Ìgò kan wà lójúde rẹ̀ tó máa ń gba òjò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á wo ibi tí omi dé, á fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, á da omi nù, á padà wọlé. Ọdún pípé wà lára ògiri náà, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, àwọn ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ náà sì wà níbẹ̀, òfo gbágungbàgun.

Ó na ọwọ́. “Kábíyèsí, ẹ̀yin náà ni wọ́n yà sí tánkì. Bí a bá gbé oúnjẹ ọdún kan síwájú yín lónìí, ṣé ikùn yín á gbà á, kí ẹ wá máa pọ̀ ọ́ jẹ títí di Ọ̀pẹ?”

Kìnnìún wo ikùn ara rẹ̀. Ìjàpá kò jẹ́ kó dáhùn. “Ìyá wa, ẹ kú làákàyè o. Kọ̀ǹpútà yín dà?”

Ilé hó yẹ̀ẹ̀. Ọ̀bọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ará ìlú fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìdùnnú.

Ìyá Àkèré padà sí àbàtà, ó jókòó síwájú ògiri rẹ̀, ó sì ra tánkì tirẹ̀ nínú ọkàn. Ìṣirò rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ. Mú omi àná, fi èyí tó wọlé lónìí kún un, yọ èyí tó jáde kúrò; bó bá lé ní 5,000, èyí tó lé ti ṣòfò; bó bá tán, ó tán, nítorí kò sẹ́ni tó lè bu omi tí kò sí. Ó fi èyí ṣe ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ó tún un ṣe títí ògiri fi parí, àkùkọ sì ti kọ nígbà náà. Ohun tó rí kò nà tantan rárá. Nínú òjò, tánkì kún, ó ń ṣàn dànù léraléra bí ẹnu ọ̀mùtí. Lẹ́yìn òjò ìkẹyìn, bí ebè bá jẹ́ 58, ọjọ́ 17 péré ló gbà kó tó gbẹ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí òjò ọdún tuntun fi dé.

N kò ní pẹ́ lórí ìṣíde tánkì. Wọ́n dá aṣọ ẹbí, ìrẹsì kò kárí, Alángbá tó ń gbé orí páànù ní kí wọ́n pe òun síbi àga àwọn lóókọ-lóókọ nítorí ilé òun ni orísun omi. Òótọ́ ló sọ, ìgbẹ́ rẹ̀ náà sì bá òjò àkọ́rọ̀ wọ inú tánkì lọ, nítorí kò sẹ́ni tó rántí pé omi àkọ́kọ́ tó bá fọ òrùlé, ńṣe là ń dà á nù.

Òkúdu dé. Lóru ọjọ́ kan, òjò 60 mìlímítà rọ̀. Lítà 5,100 já wálẹ̀ láti orí òrùlé, bẹ́ẹ̀ lítà 4,000 ti wà nínú tánkì tẹ́lẹ̀. Ó gba 1,000, ó kún. Lítà 4,100 tó kù bá páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ jáde, ó wọ ihò Òkété lọ tààrà. Òkété gbé ọmọ mẹ́fà lọ́rùn jáde, ẹní àti ìkòkò ń léfòó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fi ẹjọ́ sùn láàfin, Ìjàpá ní kó fara balẹ̀, omi tó rí yẹn, omi ìlú ni, inú Ṣẹ́rẹ́ ni wọn yóò ti lò ó.

Òkété ní, “Ẹ gbọ́, ẹ̀yin onímọ̀ràn, omi tí ẹ kọ sílẹ̀ fún mi láti mu ní Ṣẹ́rẹ́, òun kọ́ ló lé mi jáde nílé lánàá?”

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀bọ kò kọ èyí sílẹ̀.

Òjò ìkẹyìn rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù Bélú. Tánkì kún dé adé ọba. Lọ́jọ́ kejì, Ehoro tí wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ọgbà bẹ̀rẹ̀ sí bomi rin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Agolo oníhò ló ń lò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá ti parí, á ti ẹnu ẹ̀rọ pa, á gbé kọ́kọ́rọ́ lọ fún Ìjàpá, ẹni tí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sọ pé òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ará ìlú a máa fi ìka gbá tánkì láti mọ ibi tí omi dé. Bó bá dún kò, omi wà níbẹ̀. Bó bá dún gbò, ó ti lọ. Ìyá Àkèré ní kò-kò àti gbò-gbò kò tó. Ó gé ọparun kan, ó fá 200 àmì sí i, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Bí tánkì náà ṣe fẹ̀ tó, àmì kan jẹ́ lítà 25, kẹ́ẹ̀gì kan géérégé. Láràárọ̀ ni ìyá arúgbó yìí ń fò wá láti àbàtà, á gun gọ́tà, á gba ibi tí omi òjò ń wọ̀ ki ọ̀pá bọ inú tánkì, á fà á yọ, á wo ibi tó tutù dé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó fa ọ̀pá yọ, ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ehoro ń lo 290 lójúmọ́, àmì 11 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Fún ọjọ́ méje, ó yẹ kí omi ṣì ga ju àmì 118 lọ. Ọ̀pá ní 97 àti díẹ̀. Àmì 21 ti lọ.

Ohun tó fi jẹ́ àgbà ni pé ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí. Ó tún ìṣirò ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé abọ́ sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, bóyá ó ń jò. Ó ń kán lóòótọ́, tó, tó, tó, ṣùgbọ́n omi inú abọ́ kò ju ife kan àti ààbọ̀ lọ nígbà tílẹ̀ mọ́. Ó gbé àwo omi sínú oòrùn láti àárọ̀ dé àárọ̀, oòrùn lá a, bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Bẹ́ẹ̀ àwo náà kò ní ìdérí, tánkì ní. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì: nírọ̀lẹ́ tí Ehoro bá ti lọ, àti ní kùtùkùtù kó tó dé.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, Ehoro bomi rin ebè 51, ẹ̀rọ wúkọ́, ó sín, ó dákẹ́. Ebè méje tó kù ń wò ó lójú. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan sí i, ọgbà ọba ti pọ́n bí irun ẹkùn.

Wọ́n lu agogo. Gbogbo ẹranko péjọ. Kìnnìún béèrè ibi tí omi inú òun gbà lọ. Ìjàpá dìde, ó tún àwòrán rẹ̀ tàn sára ògiri, ìlà rẹ̀ ṣì nà tantan níbẹ̀. “Kábíyèsí, àwòṣe kò yẹ̀. Tánkì ló kùnà láti tẹ̀lé e. Oòrùn ọdún yìí le, ọ̀yẹ́ sì tètè fẹ́. Oòrùn ló lá a.”

Àwọn ìjòyè mirí. Òótọ́ ni, oòrùn mú.

Ìyá Àkèré fò síwájú, ọ̀pá lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀. Orin ló dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Mo ki ọ̀pá nírọ̀lẹ́, omi dé àyà ọba,
Ègbè: Ó kán tó, kò tó.
Lílé: Ehoro ti wọlé, agolo ti gbẹ,
Ègbè: Ó kán tó, kò tó.
Lílé: Mo ki ọ̀pá lówùúrọ̀, àmì mẹ́ta ti lọ,
Ègbè: Ó kán tó, kò tó.
Lílé: Ọ̀yẹ́ kò ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀rùn kò ní kẹ́ẹ̀gì,
Ègbè: Ó kán tó, kò tó.
Lílé: Oòrùn wo ló ń ràn lóru o?
Ègbè: Ó kán tó, kò tó.

Àwọn ọmọdé ti ń jó kí àwọn àgbà tó gbọ́ ohun tí orin ń wí. Ẹkùn ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní, “Ẹ tún ti ìparí yẹn wí.”

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. “Ìyá Àkèré, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí tí ètè gbogbo wa là, ara tiyín ń dán. Níbo lẹ ti ń rí omi?”

“Bó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń mu kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lóru, Ìjàpá ọmọ mi, Erin ni ì bá máa kí mi ní ìkúnlẹ̀.” Ó kọjú sí ọba. “Kábíyèsí, omi kì í lọ kó má níbi tó ń lọ. Lítà 75 ni lóru kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó gbé e bá ń tà á, a ó rí owó. Bó bá ń mu ún, a ó rí ikùn. Bó bá ń fi bomi rin ẹ̀fọ́, a ó rí ebè 15. Kò ní dín, kò ní lé.”

Wọ́n rán Àṣá lọ sójú ọ̀run. Kò pẹ́ tó fi bọ̀. Ó ní gbogbo ìlú ló pọ́n fòò, ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo ló tutù yọ̀yọ̀, onílé rẹ̀ sì wà láàárín wọn níhìn-ín tó ń fi aṣọ nu kọ̀ǹpútà.

Wọ́n wọ́ lọ. Tẹ̀tẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ̀yin tó lọ́bẹ̀ lórí iná, ẹ má jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Wọ́n ka ebè. Mẹ́rìnlá. Ọ̀bọ tún un kà láti òdìkejì. Mẹ́rìnlá.

Ìjàpá na ọrùn jáde pátápátá. “Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní 15, wọn ò ní yóò dín. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ fi ebè kan yẹ̀, ṣé ẹ lè fi ọ̀pá rẹ̀ dá ẹjọ́ ọmọlúwàbí?”

Àní, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yí. Àwọn ìjòyè ti ń wojú ara wọn. Ìyá Àkèré wo Yánníbo tó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri látìgbà tí wọ́n ti dé, tí kò dìde kí ọba.

“Yánníbo, ìyàwó wa, ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?”

“Ẹ̀yìn ni, Mà. Ẹ̀yìn ló dè mí mọ́lẹ̀.”

Erin fi ọwọ́-ìjà gbé Yánníbo àti ẹní pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣọkọ kékeré, ebè kan, ti tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wò ó, ewé kan gbérí.

Ẹ jẹ́ kí n fún Ìjàpá ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: kò sá. Ó ní, “Kábíyèsí, ìdánwò ni. Kí a tó ṣe ohun ńlá fún gbogbo ìlú, ó yẹ ká kọ́kọ́ dán an wò ní kékeré níbì kan. Ẹ sì rí i fúnra yín pé ó ṣiṣẹ́.”

Wọ́n ṣírò rẹ̀ fún un. Oru 13, kẹ́ẹ̀gì 39, lítà 975: omi ọjọ́ mẹ́ta ó lé díẹ̀ fún ebè ọba. Wọ́n ní kó pọn ọ́n padà láti odò, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lóru, lórí òkè ẹ̀yìn rẹ̀ tó gun bí òrùlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé bí Ìjàpá bá ń rìn lóru, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbẹ́sẹ̀, kí omi má baà dànù.

Ọba Kìnnìún wá pe Ìyá Àkèré sínú àgbàlá. Ó ní kó sọ iye kan ṣoṣo fún òun, kí òun lè sọ ọ́ ní gbangba. Ìyá Àkèré ní ẹ̀ẹ̀rùn tí kò ní òjò tó ṣe é gbára lé ń lọ bí 120 ọjọ́. Bí a bá pín 5,000 sí i, kò tó lítà 42 lójúmọ́. Ebè mẹ́jọ.

“Mẹ́jọ!”

“Mẹ́jọ, Kábíyèsí. Bó bá jẹ́ 58 lẹ fẹ́, lítà 34,800 la ní láti kó pamọ́ kí òjò tó dá, ìyẹn tánkì méje. Òrùlé yín lè kún gbogbo wọn, òjò kọ́ ni ìṣòro. Àmọ́ kò sí iye kan tí mo lè sọ kó dúró lójú kan. Láràárọ̀ ni kí ẹ máa bi mí.”

Ìjòyè kan ti gbọ́ “tánkì méje.” Ó wú ikọ́, ó ní ìlú ní láti wá ẹni tó mọ ọ̀nà ọjà tánkì dáadáa, ẹni tó ti rìnrìn àjò. Gbogbo ojú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri, níbi tí ẹnìkan ti ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì.

Ebè mẹ́jọ ni wọ́n gbìn lẹ́ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì jẹ ẹ́ dé Ẹrẹ́nà, òǹkà ni, ewé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sùn láàfin ní bí ọba bá fẹ́ sùn lálẹ́, á yí padà lórí ibùsùn, á pe Ọ̀bọ, á ní, “Jọ̀ọ́, bá mi ka 291 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Àwọn ọmọ Ìyá Àkèré kò sì dẹ́kun iṣẹ́ ìyá wọn. Òru tí òjò bá dá, tí ẹ gbọ́ tí ọ̀kan kígbe lábàtà, tí èkejì jà á níyàn, tí ẹ̀kẹta ní kí wọ́n tún un kà, òjò àná ni wọ́n ń wọ̀n.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó lẹ́ẹ̀mẹta.

Pó.

Pó.

Tó.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ̀kẹta yẹn kò ti ẹnu mi jáde. Ta ló lo ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé kẹ́yìn?